Àwòrán Ọ̀sà Kì í Ṣe Àjèjì ní Bàrígà

Ní Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó fún gbogbo Èkó, àti ní Bàrígà tó múlé tì í, ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: pé àwòrán kékeré tí wọ́n fi ọ̀dà olóróró ya ilẹ̀, igi àti omi, tí wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà yí ká, ohun òyìnbó ni, ohun olówó Ìkòyí. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, kó fi mọ lórí kàlẹ́ńdà.

Irọ́ ni.

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe tiwa? Àwọn òyìnbó amúnisìn ni, tí wọ́n gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láé. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kò fi ẹnu lásán bá wọn jiyàn. Ní 1920 ó fi ọ̀dà olóróró ya Dókítà Sàpárà, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà lọ́dún kan náà, ó sì wọkọ̀ òkun lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó dé, ó di olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó. Ó dun ni pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ Èkó ló tún ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí Ọnàbólú ti já nírọ́.

Àwọn kan lè ní ènìyàn ni Ọnàbólú ń yà, kì í ṣe ilẹ̀. Kí wọ́n rìn dé Akọ́kà, kò jìnnà sí Bàrígà. Ní Yunifásítì Èkó níbẹ̀ ni Abáyọ̀mí Barber (1928–2021), ọmọ Ilé-Ifẹ̀, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ya àpáta, ewé àti omi fínnífínní, débi pé èèyàn á fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ti owó ńkọ́? Yẹmisí Shyllon, tó fi iṣẹ́ ọnà 1,000 ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ, tí wọ́n sì fi ṣí ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n jọ. Yàrá kékeré gan-an ló sì yẹ àwòrán kékeré. Àwọn àgbà pàápàá ya kékeré: abala ìwé péńpé ni John Constable, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya ojú ọ̀run sí ní Hampstead ní 1821 àti 1822.

Wúrà ara férémù ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ wúrà ibẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n máa ń lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́, débi pé ewé rẹ̀ bí 10,000 lórí ara wọn ló máa tó mìlímítà kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbówó: wọn á po ẹfun mọ́ gúlúù, wọn á fi kun igi léraléra títí yóò fi nípọn, wọn á fi amọ̀ pupa kíkúnná lé e, kí wọ́n tó tẹ́ wúrà sí i, kí wọ́n sì fi òkúta ra á títí yóò fi dán gbinrin. Káfíńtà tó mọwọ́ lè kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà, ọ̀dà lásán ni, tàbí idẹ tí wọ́n fi bàbà àti síǹkì pò. Ọ̀rinrin Èkó á sọ idẹ náà di dúdú bí wọn kò bá fi fáníṣì bò ó. Kí olùrà béèrè kó tó sanwó.

Etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bàrígà, pẹ̀lú ọkọ̀ oníyanrìn, ilé pákó àti afárá Third Mainland lókèèrè, tó ohun tí èèyàn ń yà ní àwòrán. Àwọn tó lè yà á ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba Tech báyìí. Kí àwọn ará àdúgbò lọ bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n rà á ní kékeré, kí wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri tí òjò kì í rin, tí oòrùn kì í sì í kàn.