ÒKÙNKÙN Ò MỌ ẸNI Ọ̀WỌ̀

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí à ń gùn lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́ la fẹ́ bá ara wa sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ lóko iṣu, àṣàkù ló máa bá. Torí ẹ̀ la fi ń jí ní aago mẹ́rin. Lásìkò ọyẹ́, bíi oṣù kìn-ín-ní ọdún, aago méje máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó yọ ní Òkè-Ògùn níbí. Inú òkùnkùn la ti ń rìn, eruku ọyẹ́ á tún bo ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ni iná iwájú rẹ̀ ò tàn dáadáa. Ẹlòmíì so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọ̀kadà, ẹlòmíì ní kí èrò máa bá òun tan iná fóònù. Tọ́ọ̀ṣì yẹn á fi kòtò hàn yín lóòótọ́, àmọ́ kò ní sọ fún awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé èèyàn wà níwájú. Iná méjì ló wà: ọ̀kan ká fi ríran, èkejì kí wọ́n fi rí wa. Iná pupa ẹ̀yìn ni èkejì yìí. Kì í sì í ṣe ẹjọ́ ọlọ́kadà nìkan. Nígbà míì iná ọ̀hún ń tàn, àpò èlùbọ́ àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló bò ó mọ́lẹ̀.

Láyé ìjọ́sí, kòtò ló ń dá ọkọ̀ lẹ́kun eré. Ní báyìí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65. Wọ́n tún ti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ṣe, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 35. A dúpẹ́, àmọ́ ọ̀nà tó dáa ló ń pe eré. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mọ́tò kékeré tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan á rin nǹkan bíi mítà 53 kó tó dúró. Mítà 15 ti lọ nínú ẹ̀ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tírélà tó kó iṣu ńkọ́? Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kò mọ Ìyálọ́jà, kò mọ ìyá ọlọ́mọ.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ò gbówó lórí. Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ ní kó tan iná iwájú, kó tẹ bíréèkì kí ẹ rí pupa ẹ̀yìn. Tẹ́rù bá bo iná, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ so iná pupa kékeré mọ́ ẹ̀yìn àpò. Ẹ fi ìborùn funfun bora, ẹ fi aṣọ dúdú sílẹ̀ di ọ̀sán. Ọ̀kadà tí kò bá níná, ẹ má gùn ún. Ọjọ́ tí èrò mẹ́ta bá kọ̀ ọ́ ni ọlọ́kadà á ra gílóòbù.

Ẹnìkan lè ní, "Akọ̀wé, ta ló fẹ́ dúró kí ọjà fi tú?" Ìyá mi, ọjà tó bá tú lónìí, a óò tún ná an lọ́rùn-ún. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́