Etí Ni Kí A Fi Ra Fèrè, Kì Í Ṣe Ojú

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ lónìí: mọ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní fèrè kan mọ́, ohun tó ń sọ ni pé ara rẹ̀ ń dán, ojú èèyàn ń hàn nínú rẹ̀. Bí afọnfèrè bá ní fèrè kan náà mọ́, ohùn rẹ̀ ló ń sọ: kò há, kò lọ́, ó ń jáde geere. Olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yóò ní ìtumọ̀ méjèèjì tan mọ́ra, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀ o. Nínú báńdì tí mo ti ń fọn trumpet láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìtumọ̀ ti oníṣọ́ọ̀bù ló ń borí nígbà gbogbo, owó àwọn òbí wa ló sì ń bá a lọ.

Ìjọ tí mo ń sọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dáwó ra fèrè tuntun mẹ́fà fún báńdì ọ̀dọ́: trumpet mẹ́rin, baritone kan, trombone kan. Alága, akápò, ìyá ìjọ kan àti awakọ̀ ló lọ rà á ní Èkó. Afọnfèrè kankan kò sí nínú ọkọ̀. Wọ́n kó fèrè dé, gbogbo rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ìjọ pàtẹ́wọ́, pásítọ̀ gbàdúrà lé wọn lórí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, bọ́tìnnì trumpet méjì ti ń há bí ilẹ̀kùn ìgbà òjò. Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wà tó ń fọn ohùn kejì. Ní gbogbo ìgbà tí orin bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, tirẹ̀ á yẹ̀. Ọ̀gá báńdì bá a wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ náà kò létí orin. Wọ́n gba trumpet lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ṣímbálì. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo èèyàn ti lọ, mo gbé trumpet tèmi fún un, tòkunbọ̀ tí fáníìṣì rẹ̀ ti ṣí, tí ẹnu iwájú rẹ̀ sì ti tẹ̀ síbi méjì. Ó fọn orin kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yẹ̀. Ọmọ náà létí.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà nìyẹn pé bí a ṣe ń yan fèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Bí a bá ra kọ̀ǹpútà burúkú, a ó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló burú. Bí a bá ra fèrè burúkú, ọmọ ni a ó dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ̀bi wà. Ká ní òpó fèrè kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100. (Ti trumpet gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tú gbogbo ìká rẹ̀, ṣùgbọ́n 100 rọrùn fún àwa tí a sá fún ìṣirò wá kọ́ èdè.) Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kejì, atẹ́gùn á gba inú òpó mìíràn tó fi nǹkan bí 6 kún un, ohùn á sì fi ìdajì ìgbésẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bọ́tìnnì kìn-ín-ní ń fi nǹkan bí 12 kún un, ìyẹn ìgbésẹ̀ kan. Ìkẹta ń fi nǹkan bí 19 kún un, ìgbésẹ̀ kan àti ààbọ̀. Ó dára. Ẹ wá tẹ ìkíní àti ìkẹta pa pọ̀: 31 ni ẹ rí. Ṣùgbọ́n ohùn tí ẹ ń wá ń béèrè ohun tó lé ní 33. Òpó kúrú, nítorí náà ohùn ròkè. Bí ẹ bá tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 37 ni ẹ ó rí dípò 41, ó tún wá burú sí i. Kì í ṣe àléébù ilé-iṣẹ́ kankan. Bí fèrè oníbọ́tìnnì ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí Stölzel àti Blühmel ti gba ìwé-àṣẹ lórí bọ́tìnnì fèrè ní Berlin lọ́dún 1818.

Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ dá sí i ni òrùka kékeré tó wà lára ọ̀pá bọ́tìnnì kẹta. Ìka ọwọ́ òsì ń wọ inú rẹ̀, afọnfèrè á fi ti ọ̀pá náà síta díẹ̀ nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá dé, ìwọ̀n tó kù á sì pé. Òrùka wà lára trumpet tuntun ìjọ wa. Ọ̀pá náà ni kò yí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ya fèrèsé sára ògiri, tó ní kí atẹ́gùn máa wọlé. Ọmọ ọdún 14 yẹn ń fi ìka fa ohun tí kò ṣe é fà, wọ́n sì ń pè é ní aláìlétí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ti mọ ọ̀nà tí a fi ń fi nǹkan méjì wéra. A ń fi ọkọ́ wé ọkọ̀: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ pé ohùn ló yí ìtumọ̀ padà. Bó ṣe yẹ kí a máa fi fèrè wéra náà nìyẹn. Ẹni kan náà ni kí ó fọn méjèèjì, mouthpiece kan náà, yàrá kan náà, ohùn kan náà, kí ó jẹ́ fèrè nìkan la pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a pààrọ̀ ẹni tó ń fọn, kí fèrè dúró. Mo ṣe é. Mo lo Praat, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, èyí tí gbogbo wa fi ń wọn ohùn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn ló ń ké sí i tàbí idẹ. Èèyàn mẹ́rin fọn rè ìsàlẹ̀ lórí trumpet tuntun kan. Ti gbogbo wọn ròkè. Àwọn mẹ́rin kan náà fọn ọ́n lórí tòkunbọ̀ tèmi. Ó bọ́ sójú rẹ̀.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ ohùn, pé àwa tí a ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láti orí ẹ̀yìn ìyá wa, ta ni yóò tún kọ́ wa létí? Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohùn inú èdè wa, ìbátan ló fi ń ṣiṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ, a ó sì gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Onídùndún tó ń fa ọṣán, kò sẹ́ni tó ń fi rúlà wọn bí ó ti fà á tó. Bí òkè bá ṣáà ga ju àárín lọ, tí àárín ga ju ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé etí. Etí tó ń gbọ́ èdè máa ń ṣàánú. Ó máa ń tún ohun tó yẹ̀ ṣe fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orin báńdì kò láàánú bẹ́ẹ̀. Bí trumpet kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n ní 444, ohùn àwọn méjèèjì pa pọ̀ á máa wú, á máa fọn, ní ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ. Wọn kò kàn ní mọ ohun tó fà á, wọ́n á ní báńdì yẹn ń ha etí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tòkunbọ̀ ni mo ń polówó. Títí wọ inú àwọn ọdún 1960, àwọn báńdì onídẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tún ohùn wọn ṣe sí nǹkan bí 452 dípò 440 tí gbogbo ayé ń lò. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ nínú ìdajì ìgbésẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ lè rí baritone àtijọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ ńlá lára rẹ̀, idẹ tó nípọn, bọ́tìnnì tó ń yọ̀ bí òróró, kò sì ní bá kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì yín rìn láé, àfi bí oníṣẹ́ bá fi kún òpó rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò ṣe àṣìṣe. Ọjà mìíràn ló ṣe é fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò gbà pé gbogbo ohun tó bá ti China wá ni ẹlẹ́gẹ́, tàbí ti Meerut ní Íńdíà, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe fèrè fún àwọn báńdì ìgbéyàwó wọn. Nínú trumpet mẹ́rin tí ìjọ wa rà, ọ̀kan dára. Ilé-iṣẹ́ kan náà, páálí kan náà, owó kan náà. Ẹ wò ó, ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ mi: bí èèyàn kò bá gbé e sẹ́nu, kò lè mọ èyí tó dára nínú mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára fèrè kò lè sọ ọ́ fún un, torí ẹni tó ń kó ọjà wọlé náà lè ní kí wọ́n tẹ orúkọ tòun sí i.

Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń dá fèrè lẹ́jọ́ sílẹ̀, ìwé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Wọ́n ní èyí há, èyí fẹ́lẹ́, èyí ń dún bí páànù, ti ibí yìí le lẹ́nu, ti ọ̀hún ohùn rẹ̀ sanra. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. "Ó le lẹ́nu" sábà máa ń sọ nípa ẹni tó ń fọn ọ́n àti mouthpiece rẹ̀. Ẹlòmíràn á gbà á, á ní ó rọrùn. "Ó há" ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ń jò níbì kan.

Èyí sì rọrùn láti dán wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ fa ọ̀pá bọ́tìnnì kẹta síta, ẹ ka ení dé àrùn-ún, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dún pọ́, atẹ́gùn kò jò níbẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kíákíá, ẹ wo bóyá wọ́n ń fò padà sókè fúnra wọn. Ọgbẹ́ tó wà lára ẹnu gbàgà iwájú, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohùn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ lára òpó tí mouthpiece wọ̀, tàbí lára ilé bọ́tìnnì, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó. Ẹ wo òpó àkọ́kọ́ yẹn dáadáa bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò tó di idẹ, nǹkan bí 70 nínú 100 jẹ́ bàbà nínú èyí tí wọ́n sábà ń lò. Ọ̀rinrin àti itọ́ máa ń jẹ síńkì lọ, ojú ibẹ̀ á pọ́n róbótó róbótó. Bí ẹ bá rí i, òpó náà ti ń rà láti inú.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀gá báńdì kì í kà sí: ojú ọ̀nà la ti ń fọn fèrè tiwa. Ìdí nìyẹn tí báńdì tó ń yan fi ń lo mellophone dípò French horn, tí ẹnu rẹ̀ kọ sẹ́yìn. Ìwúwo pẹ̀lú jẹ́ ara ìdájọ́. Sousaphone, tí J. W. Pepper kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1893 nítorí John Philip Sousa, a máa wọ ara èèyàn bí ejò. Onídẹ máa ń ju kílò 10 lọ. Àwọn àgbà ń fi onífáíbà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ike ni. Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ kò sanra tó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbé idẹ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ìtẹ́ òkú lọ́sàn-án gangan, ohùn wo ló kù lẹ́nu rẹ̀? Onífáíbà ni èmi máa rà fún un.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí ẹ máa ń fi fèrè ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá 440 ló wà, kí ẹ sì ní kí ó fọn rè ìsàlẹ̀ sórí fóònù fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, bí ẹ bá ní èyí tí ẹ fẹ́ kí a wọ̀n, ẹ gbé e wá sí yàrá ìwádìí ohùn ẹ̀ka wa ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo máa ń wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi mú iná lọ. Kí oníkálukú ṣáà mú mouthpiece rẹ̀ dání.