Ohun Tí Ó Fara Sin Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá nígbàtí a bá ọ̀rẹ́ wa kan lọ ra epo. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ni ọ̀rẹ́ wa yìí ní, ó sì ti ń wà á fún ọdún mẹ́fà gbáko. Lẹ́yìn tí a ti tò sórí ìlà fún bíi wákàtí kan, ó gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ sí ẹ̀rọ epo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òsì ni ẹnu táńkì wà. Ariwo ta. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè ọkọ̀ wọn, ẹni tí ń ta epo ń pòṣé, ọ̀rẹ́ wa sì ń làágùn. Ó ní ọkọ̀ ìyàwó òun, tí ẹnu táńkì tirẹ̀ wà ní ọ̀tún, ni ó ń da òun lójú rú nígbà gbogbo.

A tọ́ka sí òṣùwọ̀n epo tí ó wà níwájú rẹ̀, a sì bi í pé kí ni ọfà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀rọ epo ń ṣe níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, “Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rí i, n kò bi í léèrè rí.”

Ọfà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìhà ibi tí ó bá kọjú sí ni ẹnu táńkì wà. Jim Moylan, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ni ó dá a lábàá ní ọdún 1986, lẹ́yìn tí òjò ti pa á ní ilé epo nígbàtí ó gbé ẹ̀gbẹ́ òdì ọkọ̀ sí ẹ̀rọ. Ìwé ṣókí ni ó kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbàtí yóò fi di ọdún 1989, ọfà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára ọkọ̀ wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn kan a máa wí pé ìhà tí a ya rọ́bà epo sí lára àwòrán náà ni kí a wò. Èyí kì í ṣe òtítọ́ nígbà gbogbo. Ọfà ni kí a gbà gbọ́.

Kì í ṣe láti fi ọ̀rẹ́ wa ṣe ẹlẹ́yà ni a ṣe ń kọ èyí, nítorí àwa pàápàá ti jẹ nínú oúnjẹ kan náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwa kọ̀ láti ṣí láti inú. A fà á, a tì í, a bú u. Ní ìkẹyìn a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àwa náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní iṣẹ́ ńlá ni, kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. A sanwó, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí ọmọ aládùúgbò wa kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, tó fi hàn wá pé irin kékeré kan wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí a fi ń dáàbò bo àwọn ọmọdé kí wọ́n má baà ṣílẹ̀kùn lórí eré. Ìka kan ni a fi ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tí ó fọ ọkọ̀ ni ó ti ṣèèṣì fọwọ́ gbá a. Owó tí a san kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó àìmọ̀ ni.

Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ònkàwé wa sọ. Ohun tí ọlọ́kọ̀ kò bá mọ̀ nípa ọkọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò tà á fún un. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò tà á fún un, ewu ni yóò kọ́ ọ.

Kò sí ọkọ̀ kékeré tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu bíi Volkswagen àtijọ́ tí a sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí róbótó. Ilẹ̀ Jámánì ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ogun Hitler. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ jọ ní Èkó níhìn-ín, Ìjàpá sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003 ni a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ìlú Puebla ní ilẹ̀ Mexico, nígbàtí iye tí a ti ṣe ní gbogbo ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ni ó gùn ún nígbà tirẹ̀, àwọn díẹ̀ sì wà tí kò tíì fi í sílẹ̀.

Ìwà Ìjàpá kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, àyè ẹrù wà níwájú. Nítorí náà ni àwọn àgbà awakọ̀ fi ń pa ẹ̀fẹ̀ ọkùnrin kan tí ó ṣí iwájú ọkọ̀ tuntun rẹ̀ tí ó sì figbe ta pé olè ti jí ẹ́ńjìnnì òun lọ. Kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Ara rẹ̀ dì tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í fẹ́ pa dé bí gbogbo fèrèsé bá wà ní títì. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa fi agbára gbá a títí yóò fi bàjẹ́. Lára púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe iná ni ó ń ti omi tí a fi ń fọ gíláàsì iwájú jáde. Afẹ́fẹ́ inú táyà karùn-ún, èyí tí a fi pamọ́ síwájú de ọjọ́ ìṣòro, ni ó ń tì í. Bí omi náà kò bá tú jáde mọ́, táyà yìí ni kí a kọ́kọ́ fẹ́, kí a tó pe ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1961 kò tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n epo. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ kékeré kan nílẹ̀, ìyókù epo tí ó wà nísàlẹ̀ táńkì a sì ṣàn wá láti gbé e dé ilé epo. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra epo tán tí ó gbàgbé láti yí i padà, ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀la mọ́ tòní.

Títí dé ìhín, ẹ̀rín ni. Ohun méjì wà lára Ìjàpá tí kì í ṣe ẹ̀rín. Èkíní ni iná pupa kékeré tí ó wà níwájú awakọ̀, èyí tí ń sọ pé agbára kò lọ sínú bátìrì mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, yóò sì ní kí òun rọra wà á délé. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan náà tí ń yí ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì lágbára ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ tí ń tu ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá já, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì tí kì í mu omi yóò sì gbóná kọjá ààlà kí ó tó rìn jìnnà. Nígbàtí iná náà bá tàn lórí eré, kí a dúró lójú ẹsẹ̀ ni, kí a sì lọ wo bẹ́líìtì.

Èkejì ni pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Ìdérí kan wà tí ó yẹ kí ó máa bò ó. Bí ìdérí náà bá sọnù, tí ènìyàn tí ó wúwo sì jókòó síbẹ̀, àwọn irin ìjókòó lè kan orí bátìrì, kí iná ṣẹ́, kí ìjókòó sì gbiná pẹ̀lú ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹni mélòó nínú àwọn tí ó ra Ìjàpá lọ́wọ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin ni ó gbé ìjókòó náà sókè wò rí?

Bí a bá fi Ìjàpá sílẹ̀ tí a bọ́ sí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó kún ìgboro lónìí, ohun tí ó fara sin kò dínkù. Ó pọ̀ sí i ni. Ẹ wo Toyota Corolla tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Bí bátìrì bá kú, gíà náà kì í kúrò ní ibi ìdúró, ọkọ̀ kò sì ṣeé tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sanwó fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ńlá wọ́ ọkọ̀ nítorí èyí. Bẹ́ẹ̀ ni ojúhò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà, tí a kọ “Shift Lock” sí. Bí a bá fa bíréèkì ọwọ́, tí a tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, tí a sì tẹ ibẹ̀, gíà yóò jáde. Bákan náà ni àwọn ọkọ̀ tí a kì í ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kí wọn tó ṣiṣẹ́. Bí bátìrì wẹ́wẹ́ inú kọ́kọ́rọ́ náà bá kú, olówó rẹ̀ a dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí àlejò, kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ irin gidi wà nínú ìkùn ohun tí ó dì mọ́wọ́. Bí ó bá sì ti wọlé, nínú púpọ̀ nínú wọn, kí ó tẹ bíréèkì kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kan ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ ni. Ọkọ̀ yóò dáhùn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ wá lógún jù lọ ni táyà, pàápàá fún ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Nígbàtí a bá ń ra táyà tòkunbọ̀, a ó wo bí ojú rẹ̀ ti nípọn tó, a ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, a ó sì dúnàádúrà. A kì í bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọjọ́ orí náà sára rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wo òǹkà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni a ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó; àwọn tí ń ṣe táyà pàápàá sọ pé bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí a yọ ọ́, ìbáà nípọn bí ilẹ̀kùn ààfin. Táyà tí ó ti gbó kì í sọ fún ni kí ó tó bẹ́. Láti mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí a fẹ́ sí i, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ férémù ibẹ̀. Èyí tí a kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tí ó lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín ń fẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni gbogbo èyí, pé ẹni tí ó ra ẹran kò ní láti di alápatà. A kò bá mẹkáníìkì jà. Àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn tí kì í gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí ìka kan lè ṣe. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kì í jókòó tì wá ní àárín ọ̀nà ní agogo mẹ́wàá òru nígbàtí iná pupa bá tàn. Àwa tí ó wà nídìí ọkọ̀ ni ó yẹ kí a mọ èdè rẹ̀.

Kò sì ṣòro láti mọ̀ ọ́n. Nígbàtí a kọ́kọ́ ta ọkọ̀ wọ̀nyí ní tuntun, ìwé ìtọ́ni wà nínú olúkúlùkù wọn, tí ó ṣàlàyé ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń tòkun bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ni ìwé yìí ti kúrò nínú rẹ̀, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé èdè tí a kò gbọ́ ni a fi kọ ọ́. Àwọn tí ń ta ọkọ̀ kì í bìkítà, àwa tí ń rà á kì í bèèrè. A ó wo kùn-ún ọkọ̀, a ó gbọ́ bí rédíò rẹ̀ ti ń ké, a ó sì sanwó.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tí yóò ra ọkọ̀, kí ó bèèrè ìwé ìtọ́ni gẹ́gẹ́bí ó ti ń bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí, púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ti fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan jókòó nínú ọkọ̀ náà láì lọ síbì kankan, kí ó fi ọwọ́ kan ohun gbogbo, kí ó sì bi ìwé léèrè ohun tí kò bá yé e. Ẹni tí ó bá gba awakọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ jókòó. Ẹni tí ó bá sì ti mọ̀, kí ó má fi ṣe awo. Kí ó sọ ọ́ fún aládùúgbò rẹ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ọ̀rẹ́ wa ti mọ ọfà rẹ̀ báyìí. Nígbàtí a rí i kẹ́yìn, ó ti kúnlẹ̀ ti táyà ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń ka òǹkà ìkẹyìn. Ọdún 2011 ni ó bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.