OKO ÌDÍLÉ ÀTI ỌWỌ́ ARA WA

Ìṣe ará Ìbàdàn láti ìgbà àwọn baba wa ni pé ilé a wà ní ìgboro, abà a sì wà ní oko. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ń gbé Agbowó lónìí ni ó ní ilẹ̀ ìdílé ní ìhà Mọ́níyà àti ní àwọn abúlé Akínyẹlé. Ṣùgbọ́n ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí ilé ìgboro ń gba páànù tuntun, abà oko kò rí ẹni tí yóò dí ihò òrùlé rẹ̀.

A ti gbọ́ àwíjàre púpọ̀. Ẹni kan a ní owó kò sí. Ẹlòmíràn a ní ìjọba ni a ń retí. Ní tiwa, ohun tí ó ń dá iṣẹ́ náà dúró jù ni ìbẹ̀rù: “Bí mo bá gbẹ́ kànga sí ilẹ̀ ẹbí, ta ni yóò ni ín?”

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa, ọmọ ìdílé tí ó bá náwó sí ilẹ̀ ìdílé kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1912, ọba ìlú Òdogbolú wí fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn sórí ọ̀ràn ilẹ̀ pé àwọn tí ó ti kú, àwọn díẹ̀ tí ó wà láàyè, àti àìmọye ọmọ tí a kò tíì bí ni ó jọ ni ilẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú.

Àwọn àgbà sì ti wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Nítorí náà, kí a tó kan ìṣó kan mọ́ igi, kí olórí ẹbí pe ọmọ ọkùnrin àti ọmọ obìnrin jọ. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé iye tí olúkúlùkù dá, ẹni tí ó fi agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, àti bí a ó ti pín èrè. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ìwé kékeré yìí yóò pa ẹjọ́ ńlá run.

Lẹ́yìn èyí, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àdánù pọ̀ sí. Inú òjò ni a ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́. Nítorí náà ó ń bu, a sì ń sáré tà á ní ọ̀pọ̀. Àgbàdo tí ó bu léwu fún ẹ̀dọ̀ ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Ìtòsí Agbowó, ní ọ̀nà Mọ́níyà, ni ilé ìwádìí IITA wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, níbi tí a ti ṣiṣẹ́ lórí àká àgbàdo tí àgbẹ̀ lè fi ọparun ṣe fúnra rẹ̀. Kí ìbú rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, kí afẹ́fẹ́ lè là á já. Kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 kúrò nílẹ̀, kí a fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká nítorí eku, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ sì dojú kọ afẹ́fẹ́. Àgbàdo tí a bó ṣùgbọ́n tí a kò tíì yin ni a ń kó sí i.

Kànga ni ó kàn. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí ó má baà gbẹ ní ọdún tí ń bọ̀. Kí ó jìnnà sí ṣáláńgá, kí a mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká, kí a sì dé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Agbowó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpàdé ẹbí tí ń bọ̀ parí sórí ọ̀rọ̀ aṣọ òkú nìkan. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni yóò gé ọparun, ta ni yóò mú páànù wá, ọjọ́ wo ni a ó sì pàdé ní abà? Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.