Ìdíje kẹ̀kẹ́: Ṣé dróònù lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kadà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ti Antoine Demoitié, ọmọ orílẹ̀-èdè Belgium, yí òwe yìí padà. Èyí tó kéré ló gbé e ṣánlẹ̀, èyí tó tóbi ló gorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 2016, ó ń kópa nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gent-Wevelgem, nígbà tí òun àti àwọn mélòó kan ṣubú lójú títì, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé. Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn agunkẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kan tó ń tẹ̀ lé ìdíje náà kọ lù ú níbi tó ṣubú sí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn nílùú Lille, ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ọdún 25 ni.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí lè béèrè pé, kí ni ọ̀kadà ń wá láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́? Ẹ jẹ́ kó yé wa pé eré yìí kò dà bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n lè gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sójú kan. Láti ìlú dé ìlú ni, ó sì lè tó igba kìlómítà lóòjọ́. Ọ̀kadà ló ń gbé ayàwòrán: ẹnì kan ń wà á, ẹnì kejì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà. Hẹlikópítà tàbí bàálù tó wà lókè ni yóò gba àwòrán náà, kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀kadà mìíràn ń gbé adájọ́, ọlọ́pàá àti àwọn ayafọ́tò.

Wàhálà ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Greg Van Avermaet ló wà níwájú nínú ìdíje San Sebastián, lórílẹ̀-èdè Spain, kí ọ̀kadà tẹlifíṣọ̀n tó gbá a látẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìrètí rẹ̀ pin sí. Nígbà Tour de France ọdún 2016, èrò ìwòran dí ojú ọ̀nà lórí òkè Ventoux, ọ̀kadà oníkámẹ́rà kò rí ọ̀nà lọ, ó dúró, Richie Porte sì forí sọ ọ́. Chris Froome, tó wọ ẹ̀wù ẹni tó ń ṣíwájú, ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, ló bá ń fẹsẹ̀ sáré gun òkè lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2023, Tadej Pogačar fẹ́ já ojúgbà rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè Joux Plane, ọ̀kadà méjì ló dí i lọ́nà. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n má ṣe bá ìdíje ọjọ́ kejì lọ.

Atẹ́gùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá wà níwájú ẹni, ẹsẹ̀ a máa fúyẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bert Blocken ṣèwádìí rẹ̀. Ó fi hàn ní ọdún 2020 pé bí ọ̀kadà bá tilẹ̀ wà ní mítà 30 níwájú, atẹ́gùn tó ń dènà agunkẹ̀kẹ́ ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kámẹ́rà bá ń yà ń jẹ èrè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún.

Ìdí rèé tí àwọn kan fi ní kí wọ́n lo dróònù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fò bí ẹyẹ, tó gbé kámẹ́rà, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì dúró sílẹ̀. Wọ́n lò ó nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ inú igbó níbi Òlíńpíìkì Paris ọdún 2024, àwòrán rẹ̀ sì dùn ún wò. Àmọ́ ọ̀nà kúkúrú kan ni wọ́n ń yí po níbẹ̀. Bátìrì ọ̀pọ̀ dróònù kì í lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdíje ojú títì ń gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Dróònù náà kò ṣàìní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ọ̀kan já bọ́ látòkè nílùú Madonna di Campiglio, lórílẹ̀-èdè Italy, ó sì balẹ̀ sẹ́yìn Marcel Hirscher gan-an, ẹni tó ń sáré lórí yìnyín. Díẹ̀ ló kù kó bà á lórí. Ta ló fẹ́ kí irú rẹ̀ já lu èrò tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì? Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá kó gbogbo ọ̀kadà oníkámẹ́rà kúrò, ti adájọ́ àti ti ọlọ́pàá yóò ṣì wà níbẹ̀.

Lójú tiwa, ìsúnmọ́ra ló ń fa ikú, kì í ṣe irú ẹ̀rọ tó gbé kámẹ́rà. Kí wọ́n lo dróònù níbi tí ọ̀nà ti há, tí èrò kò sì pọ̀, pàápàá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Níbi tó kù, kí wọ́n dín iye ọ̀kadà kù, kí UCI, àjọ tó ń darí eré náà, sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ agunkẹ̀kẹ́ jù, bí wọ́n ti ṣe ní ọdún 2023. Bí àwòrán kò bá tilẹ̀ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tìtorí rẹ̀ kú.

Eré yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan mọ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 2022, tó pé ọdún mẹ́fà géérégé tí Demoitié ṣubú, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí Gent-Wevelgem. Ní ọdún 2025, ìdíje àgbáyé wáyé nílùú Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda. Àwọn ọmọ tiwa náà ti wà lójú títì yẹn báyìí. Ẹ̀mí tiwọn náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.