Ohun Tí Ó Ń Lé Ọ̀pẹ Kúrò Nídìí Ayò

Bí o bá dé ìdí ayò ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí, wo ọ̀pẹ dáadáa. Ojúlé 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Òfin rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n kí ọ̀pẹ tó ka ọmọ ojúlé kan tán, ọ̀ta ti pa á láyò, àwọn òǹwòran sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé yóò padà wá lọ́la?

Bákan náà ni eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a bá ti kó ọ̀pẹ pọ̀ mọ́ ọ̀ta.

Lójú tèmi, ọ̀pẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó kọ́kọ́ bá ọ̀pẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ta, kí ọ̀ta máa tọ́ ọ sọ́nà. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀ta tí ó lé gbogbo ọ̀pẹ lọ, ta ni yóò bá a ta ayò?