Ẹ Wo Orúkọ Kí Ẹ Tó Tẹ̀ Ẹ́!

Ọ̀rọ̀ owó tí à ń fi fóònù ránṣẹ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọmọ yín.

Ìyá kan tó ń ta àńkárá ló wá bá mi. Ẹnì kan pè é, ó ní òun ni kọ́sítọ́mà rẹ̀ tó ń kó aṣọ fún un láti Kánò, ó ní àwọn ti pààrọ̀ àkáǹtì. Màmá tẹ nọ́ńbà náà, orúkọ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló jáde. Ó bèèrè. "Àkáǹtì àbúrò mi ni, Màmá, ẹ má ṣèyọnu." Ni Màmá bá tẹ̀ ẹ́. ₦180,000! Kọ́sítọ́mà gidi ní òun ò pe ẹnikẹ́ni.

"Ṣé báǹkì ò rí i pé orúkọ ò bára mu ni?" Ohun tí Màmá bi mí nìyẹn. Rárá o! Nọ́ńbà 10 yẹn ni báǹkì ń bá lọ, kò mọ ẹni tó wà lọ́kàn yín. Láti 2011 ni ètò NIP ti ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Kí owó tó lọ, báǹkì tí àkáǹtì ọ̀hún wà á fi orúkọ ránṣẹ́ sójú fóònù yín. Ó wá ku ojú yín. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà láti mú àṣìtẹ̀ ni, kò lè mú olè.

Ti ìlú òyìnbó yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2020, àwọn báǹkì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan: èèyàn á fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sanwó fún, báǹkì á ní ó bá a mu, tàbí ó fẹ́ẹ̀ bá a mu, tàbí kò bá a mu rárá. Èyí wù mí, kí n má purọ́. Láti oṣù kẹwàá 2024, wọ́n tún pàṣẹ pé kí báǹkì máa dá owó padà fún ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì báyìí, bí kò bá ti ju £85,000 lọ.

Níbi tiwa ńkọ́? Ẹ ka orúkọ yẹn sókè. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gba owó! Bí wọ́n bá ní àkáǹtì ti yí padà, ẹ pe nọ́ńbà kọ́sítọ́mà yín tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ó bá ti bọ́ sórí ná, ẹ sáré sí báǹkì yín ní wákàtí yẹn gan-an, kí wọ́n kàn sí báǹkì kejì kí owó má baà jáde.

Màmá yìí dúró di ọjọ́ kẹta nítorí ìtìjú. Nígbà tó máa dé báǹkì, wọ́n ti kó owó náà tán.